Ọwọ́ Ọjọ́ Kẹta

Sí àkọ́bí mi, Abéèrè-má-sùn, ẹni tí ó ti ń bi mí ní ìdí ohun gbogbo láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí ó bá jókòó sórí àga,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yín tí o ní ènìyàn á gùn títí èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ó tó dé ìdí tábìlì rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí orúnkún rẹ sú ọ. Kí iná mànàmáná tí ẹ ń lò má bínú sí yín. Ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ, kí ó máa rí ọ bí ọmọ dáadáa, ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ, kí Ọlọ́run fún un ní tirẹ̀ kí ó má bàa máa wo tìrẹ. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kọ àmín náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń gbàdúrà. Àmín.

Ara wa le dé ibi tí ara tiwa lè le dé. Òjò ti rí ọ̀nà wọlé ní igun òsì ṣọ́ọ̀bù ìjórin, a gbé báàfù sí i lábẹ́, báàfù náà sì ti ń kọrin láti àárọ̀, tó, tó, tó, ó máa ń mú oorun wá bí ènìyàn kò bá ṣọ́ra. A ti tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣe, ó ti ń pa dé. Mo fẹ́ kọ pé mo ti tún un ṣe, mo wá kọ pé a ti tún un ṣe, màá dé orí ìyẹn. Ewúrẹ́ káfíńtà tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà jẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà rẹ kí a tó gbà á lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà bí o bá kí wa níbẹ̀, mo rò pé ewúrẹ́ náà ti gbọ́, ó sì dá a lóhùn dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí mo ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Mo ti fa mẹ́ta ya. Mo jáde girama, o mọ̀, wọ́n sì kọ́ wa ní lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n kọ́ wa ní lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa bí bàbá ṣe ń kọ̀wé sí ọmọ tí òun ti tàn jẹ. Bóyá wọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ tí mi ò lọ.

Ìwọ náà rántí ọjọ́ mẹ́ta tí o lò lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. O gbé ìbọ̀wọ́ dúdú kan wá tí wáyà yọ jáde ní ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí irun imú àgbàlagbà, o gbé kọ̀ǹpútà lé orí páálí ọ̀pá ìjórin, o sì ní kí n wọ ìbọ̀wọ́ náà, kí n máa jó irin mi bí mo ṣe máa ń jó o, kí n má wo ojú rẹ rárá. Mo bi ọ́ pé kí ni ìbọ̀wọ́ náà ń wá. O ní ọwọ́ mi ni ó fẹ́ kọ́. O ní apá irin ńlá kan wà ní ilé iṣẹ́ yín tí ó lè wọ inú táńkì tí ènìyàn kò lè mí nínú rẹ̀, kí ó jó irin níbẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ á jókòó jẹ́jẹ́ ní yàrá mìíràn tí ó tutù, tí á kàn máa rọra gbé ọwọ́ nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe níhìn-ín ni ọwọ́ irin á ṣe lọ́hùn-ún. Mo mi orí. Mo ní ó yé mi. Ọmọ mi, kò yé mi.

Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń ṣọ́ ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo rò ó pé bí o ti gbé e lọ yẹn, ohun tí mo bá fi ṣe níbí ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ni. Mi ò fi pa ẹ̀fọn mọ́, kí apá irin má bàa gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ kan létí. Bí ẹ̀yìn bá ń yún mi, mo máa ń kọ́kọ́ wo aago bóyá ẹ ti ṣíwọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé mo máa ń na ọwọ́ náà sí ojú fèrèsé, màá sì jù ú sí ọ díẹ̀díẹ̀, kí o lè mọ̀ pé a jí dáadáa. Ìyá rẹ bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi mí ẹni tí mo ń juwọ́ sí. Mo ní ìwọ ni. Ó ní tí ó bá jẹ́ pé nǹkan yẹn ń tẹ̀lé mi lóòótọ́, a jẹ́ pé apá irin ti fi ìka tọ́ imú níwájú àwọn ọ̀gá yín láìmọye ìgbà, kí n yáa kọ̀wé bẹ̀ wọ́n. Káfíńtà gbọ́, ó sọdá wá, ó bi mí bóyá wọ́n ń san owó oṣù fún ọwọ́ náà. Mo ní rárá o. Ó ní ó ṣe, ọwọ́ mi ti ríṣẹ́ sí ìgboro, èmi fúnra mi ni mi ò tíì ríṣẹ́, kí n bẹ ọwọ́ náà kí ó bá mi bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wàyí o, lẹ́tà rẹ, ìyẹn èyí tí ewúrẹ́ jẹ kù.

O kọ ọ́ pé bí ọwọ́ bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, wọn kì í gbé e fún apá irin bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, bí ènìyàn ṣe ń sẹ́ omi, gbígbọ̀n ọwọ́ á dúró sínú asẹ́, ìrìn ọwọ́ gan-an á kọjá. O ní ọwọ́ ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ kejì gbọ̀n, o ní kí n má bínú, o ní kò sí ọwọ́ tí kì í gbọ̀n láyé, ti ọ̀gá yín pàápàá ń gbọ̀n, kọ̀ǹpútà sì ti yọ gbogbo rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rò ni pé níbo ni ẹ ń da gbígbọ̀n náà sí tí ẹ bá yọ ọ́ tán. Bí ó bá jẹ́ inú korobá ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá nǹkan dé e, kí ẹni tí ó ń gbálẹ̀ fún yín má bàa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó lè jẹ́ pé ó ní ọmọ tí ó ń gbé.

Ohun kejì tí mo rò, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Nígbà tí o pè wá lórí fóònù ní ọjọ́ ìsinmi, tí o ní ìdí kọ̀ǹpútà ni o wà, ṣé o rántí pé mi ò dáhùn dáadáa, tí o ń pariwo pé kí Bàámi gbé e sétí? Kò sí létí mi. Orí tábìlì ni mo gbé e lé, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi lé ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, bóyá kọ̀ǹpútà rẹ á bá mi yọ tèmi láti ibẹ̀. Fóònù náà gbóná. Mo ní áà, ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ó dúró jẹ́ẹ́. Mi ò parọ́, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, mo ń wò ó, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀.

O tún kọ ọ́ pé nítorí ọ̀nà tí ó jìn, ọwọ́ irin máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ ènìyàn, nítorí náà kọ̀ǹpútà á ti máa mọ ibi tí ọwọ́ ń lọ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Èyí nìkan ni kò yà mí lẹ́nu. Ìyá rẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sì lo wáyà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dé orí ọjọ́ kẹta. O ní ọwọ́ ọjọ́ kẹta kò nílò asẹ́. O ní ó ń rìn ní òbìrí kékeré kékeré, á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún lọ, bí ẹni ń ran etí aṣọ. O ní ọ̀gá pe gbogbo ènìyàn wá wò ó, wọ́n fi kọ́ apá irin, apá irin sì jó irin méjì pọ̀ nínú táńkì, tí ó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fi òòlù lù ú, irin ló ya, ojú ìjórin kò ya. Ọ̀gá ní kí n máa bọ̀. Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù tí ń bọ̀, kí n wá wọ ìbọ̀wọ́ níwájú àwọn àlejò rẹ̀, kí n ṣe ti ọjọ́ kẹta yẹn fún wọn, kí n sì kọ orúkọ mi sínú fọ́ọ̀mù pé èmi ni mo ni ọwọ́. O ní bí ó bá lọ dáadáa, ìwọ ni wọ́n máa fi ṣe olórí àwọn tí ń kọ́ apá irin níṣẹ́. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọwọ́ Bàámi ló gbé òun ga.

Mo ká lẹ́tà náà. Mo lọ jókòó sí ìdí báàfù. Òjò ń rọ̀, ọ̀sán ṣú bí ìrọ̀lẹ́, oorun sì gbé mi.

Mo lá àlá. Mo rí yàrá kan tí ó funfun láti ilẹ̀ dé òkè, mi ò rí ilẹ̀kùn rẹ̀, apá irin sì dúró láàárín bí igi tí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ku ẹyọ kan. Iná búlúù wà ní ṣónṣó ìka rẹ̀, kò sì ta mí lójú. Omi ni ó ń jó pọ̀. Omi òjò ń ṣàn bọ̀ lára ògiri ní ọ̀nà méjì, apá irin sì ń ran ọ̀nà méjèèjì pọ̀, òbìrí kékeré kékeré, omi náà gbà fún un, ó di ọ̀kan, ó ń tàn. Mo ní kí n lọ kí ọwọ́ mi kú iṣẹ́. Ó yí padà. Kò ní ojú, ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ mi, ó wo ara rẹ̀, ó tún wo tèmi, ó sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Kò ṣe é tìkà-tìkà, jẹ́jẹ́ ló ṣe é, bí ẹni tí wọ́n darí àlejò wá sí ilé rẹ̀ tí kì í ṣe òun ni àlejò ń wá. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kun orin kan sínú imú. Mo mọ orin náà. Mo la ojú, orin náà kò dúró. Ìyá rẹ ló ń kùn ún lẹ́yìn aṣọ ìkélé ṣọ́ọ̀bù, ó ń jó ìkọ́ wíńdò oníṣòwò kan.

Jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí n tó tún fa èyí náà ya. Ọwọ́ ọjọ́ kẹta kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ ìyá rẹ ni.

Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ ní jẹnẹrétọ̀ ló ń mì mí. Mo ní ebi ni. Mo lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ní kò ní pa mí, ó kàn ní kò ní lọ. Lẹ́yìn náà, géètì kan tí mo jó fún ilé olùkọ́ já wálẹ̀ láàárọ̀, ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré fo orí olùkọ́ náà. Mo gbé géètì náà padà wálé lórí ọmọlanke, mo ń bẹ olùkọ́, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè tan iná. Ìyá rẹ jáde wá. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti kú, ó kàn ń jókòó ni, ó ń fi ìka tẹ orúnkún ara rẹ̀. Ó gba ọ̀pá ìjórin lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ó dì í mú bí ẹni di ẹfun ìkọ̀wé mú. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní ṣebí etí méjì ni, kí ènìyàn so ó pọ̀ ni. Ó bà á jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó jó mi ní bàtà, ó jó ara rẹ̀ ní apá, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó gé èépá kúrò lójú ìjórin kan, ó sì mọ́ lábẹ́ bí etí aṣọ ìgbéyàwó.

Ohun tí ó kàn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. A so aṣọ ìkélé kọ́ sáàárín ṣọ́ọ̀bù. Òun á wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi á wà níwájú, màá fi èédú ra ojú, màá máa gba oníbàárà lálejò. Bí wọ́n bá sì wò ó tí wọ́n ní ọwọ́ mi tún ń dùn sí i bí mo ṣe ń dàgbà, màá ní ẹ ṣé. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń sọ pé ẹ ṣé.

Ní ọjọ́ kẹta yẹn, iná mú ọ lójú, orí ń fọ́ ọ, o lọ sùn nínú ilé, o ní kí n máa jó irin lọ, kọ̀ǹpútà á máa kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Irin ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹlẹ́rù fẹ́ wá gbé ní ọ̀la ọjọ́ náà wà nílẹ̀, ọwọ́ mi sì ti ń ta pẹ́pẹ́ bí ẹja. Ìyá rẹ fẹ́ gbà á. Mo ní o sọ pé a kò gbọdọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn kúrò nídìí iná. Ó ní kí ẹni tí ó bá ń jó irin wọ̀ ọ́ nígbà náà. Mo rò ó, mo rí i pé ó bọ́ sí i. Mo rò pé irin ni ìbọ̀wọ́ náà ń wò, àti iná, bí ìwọ̀n ọlọ́jà tí kì í bèèrè ẹni tí ó gbé ẹrù lé òun. Èmi ò mọ̀ pé ó ń wo ènìyàn. Wákàtí mẹ́ta ni ó fi wọ̀ ọ́, ó tóbi jù fún un, ó fi rọ́bà so ó ní ọrùn ọwọ́. Nígbà tí o jí, ó ti wà nídìí ìkòkò, èmi sì ti wọ ìbọ̀wọ́ náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. O ní Bàámi kú iṣẹ́. Mo ní o ṣé.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ pé mo máa kọ ọ́ sí ọ, ó bi mí bóyá orí mi pé. Ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ jókòó sípò rẹ̀. Ó ní kí n lọ wọ ìbọ̀wọ́, ṣebí kọ̀ǹpútà á yọ gbígbọ̀n. Mo ní ó lè yọ gbígbọ̀n, kò lè fi ìránṣọ sí i, wọ́n á sì bi ọmọ wa léèrè ẹni tí ó gbé wá. Ó lọ gbé omi lé iná. Ó wá ní bàtà wo ni òun fẹ́ wọ̀ dé iwájú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. O mọ ìyá rẹ, bí ó bá ti dé orí ọ̀rọ̀ bàtà, ó ti gbà nìyẹn.

Mo ti fi fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ sínú àpòòwé yìí. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí ó ni ọwọ́, mo kọ orúkọ ìyá rẹ síbẹ̀, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Níbi iṣẹ́, òun ní kí n kọ aránṣọ, èmi ní ajórin, a jà sí i díẹ̀, mo kọ méjèèjì. Sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ kí Ọjọ́bọ̀ yẹn tó pé. Bí ó bá máa bínú, jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìwọ sùn, èmi ni mo tàn ọ́ jẹ. Mo mọ̀ pé ó lè gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ nítorí èyí. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ọ̀nà mìíràn tí mi ò ní tún dúró síwájú aṣọ ìkélé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n da ọwọ́ ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ kejì nù. Mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà láyè púpọ̀. Fi í sí igun kan tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kó gbígbọ̀n rẹ̀ padà sí i kí ó má bàa dá nìkan wà. Ọwọ́ yẹn ló jó férémù kẹ̀kẹ́ tí o fi kọ́ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́. Ìyá rẹ ló ń lọ, èmi á kàn máa bá a di wáyà mú. Fi owó bàtà sí i, kí ó má ga jù. Bí ohun kan bá tún ṣẹ́kù, bá mi ra ìbòjú dúdú kan, irú èyí tí a fi ń wo iná. Ẹyọ kan ṣoṣo ni a ní. Bí ìyá rẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i, màá di ojú mi, kí iná má bàa fọ́ mi lójú. Bí omi tí ń hó ni mo ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀, etí nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Gbogbo yín ní ilé iṣẹ́ ti rí ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń rìn, apá irin ti rí i, àwọn àlejò á rí i. Èmi nìkan ni mi ò tíì rí i.

Kí Ọlọ́run tí ó rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa láìwọ ìbòjú bá ọ ṣọ́ ojú rẹ, kí ó bá ọ ṣọ́ ọwọ́ rẹ, kí ó má jẹ́ kí o rí ẹni tí o máa fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àmín, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ó di ojú, tí ó ń dúró de ìbòjú kejì.